Iṣẹ́ Tí A Rán, Tí A Ò Gbọ́ Èsì Rẹ̀

Kò sí ẹni tó ń fi fóònù sanwó ní Nàìjíríà tí irú èyí kò ṣẹlẹ̀ sí rí. Ẹ ra ẹja lọ́jà, ẹ fowó ránṣẹ́, àlẹ́ẹ̀tì wọlé pé owó ti kúrò nínú àpò yín. Ẹni tó ta ẹja ní òun ò tíì rí nǹkan kan. Ẹ̀yin méjèèjì dúró, ẹ ń wo fóònù bí ẹni tó ń wo ọ̀nà ọmọ tó lọ pọnmi. Nígbà tí owó bébà wọ́n lóṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún 2023, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe lo ọ̀sán wa nìyẹn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀: ṣé owó náà dé ni àbí kò dé? Ohun tó sì ń bíni nínú ni pé ẹ̀rọ tó yẹ kó dáhùn gan-an kò mọ̀.

Àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ ìdúró yìí láti ẹ̀yìn ìsọ̀. Timeout ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ètò kan ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà mìíràn pé kó kọ nǹkan sílẹ̀, ó dá àkókò fún un, ká ní ìṣẹ́jú àáyá méjì. Àkókò pé, èsì kò dé, ètò náà ṣíwọ́ ìdúró. Kò sí ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Síbẹ̀ ó gbà wá ní ọdún púpọ̀, àti ìtìjú kan, kó tó yé wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ìtìjú náà. Àwa mẹ́ta la kọ ètò ìṣirò owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan nígbà kan. A ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Ẹ̀bi tiwa ni, kì í ṣe tiwọn. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá san owó oṣù rẹ̀ lọ́dọ̀ oní-POS, ètò wa á fi kún iye tó ti wà lórúkọ rẹ̀ nínú Redis. Ilé ìpamọ́ dátà kan ni Redis, inú RAM ló ń kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí kó lè yá. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ló ń bá wa gbé e: ọ̀gá kan tó ń gba àkọsílẹ̀, àti ọmọ ẹ̀yìn méjì tó ń da ohun tí ọ̀gá bá kọ kọ. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tó bọ́ sí ìparí oṣù, ìgbà tí gbogbo èèyàn ń sanwó, lọ́ọ̀gì wa kún fún timeout. Ètò wa ṣe ohun tí a kọ́ ọ: bí kò bá gbọ́ èsì, kó tún ránṣẹ́. Nígbà tó máa fi di alẹ́, owó àwọn kan ti di ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n san.

Lọ́jọ́ Ajé, a jókòó tì í. A ní ó ti yé wa: ibi tí timeout bá ti wà, ẹ̀ẹ̀mejì ni owó wọlé. A yọ owó kan kúrò fún timeout kọ̀ọ̀kan, inú wa sì dùn. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìyá kan tó ń ta ata dé ọ́fíìsì ẹgbẹ́ pẹ̀lú rìsíìtì oní-POS lọ́wọ́. Ó fẹ́ yáwó ra ọjà. Akápò wo kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ìyá, ẹ̀rọ ní ẹ ò san ti oṣù yìí o." Òfin ẹgbẹ́ sì ni pé ẹni tó bá jẹ gbèsè oṣù kan kò lè yáwó.

Ẹ̀rọ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ sọ ni pé òun rán iṣẹ́, òun kò sì gbọ́ èsì. Àwa la sọ ọ́ di "kò san". Lọ́jọ́ Jímọ̀, a ka ìdákẹ́ sí "rárá". Lọ́jọ́ Ajé, a ka ìdákẹ́ kan náà sí "bẹ́ẹ̀ ni". Lẹ́ẹ̀mejèèjì, àwa la fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìyẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí lọ sẹ́yìn, a sì rí i pé àwọn tó ṣáájú wa ti jìn sí kòtò yìí kí wọ́n tó bí àwọn kan nínú wa. Wọ́n tilẹ̀ fi àmì sétí rẹ̀. A ò kàn wo ilẹ̀ ni.

Ọdún 1975 ni Akkoyunlu, Ekanadham àti Huber tẹ ìwé kan jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ ni àdììtú náà ti kọ́kọ́ yọjú, àpẹẹrẹ tí wọ́n sì lò ni ti ẹgbẹ́ jàǹdùkú méjì tó fẹ́ jọ ṣe iṣẹ́ ibi lásìkò kan náà. Lọ́dún 1978, Jim Gray, tó wà ní IBM nígbà náà, sọ jàǹdùkú di ọ̀gágun, orúkọ ọ̀gágun méjì ló sì mọ́ àdììtú náà lórí títí di òní. Ọmọ ogun ọ̀tá wà ní àfonífojì, ọ̀gágun méjì wà lórí òkè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí wọ́n bá jọ kọlu ọ̀tá, wọ́n á ṣẹ́gun. Bí ẹnì kan bá dá lọ, ó parí fún un nìyẹn. Ìránṣẹ́ tó máa gba àárín ọ̀tá kọjá nìkan ni wọ́n fi lè bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀gágun kìíní rán ọmọ kan: òwúrọ̀ ọ̀la ni o. Ṣé ọmọ náà dé? Kò mọ̀, àfi bó bá padà. Ká tiẹ̀ ní ó dé, tí ọ̀gágun kejì sì ní kó lọ sọ pé òun ti gbọ́. Ọ̀gágun kejì náà kò wá mọ̀ bóyá èsì òun dé, kò sì ní fẹ́ gbéra láìmọ̀. Wọ́n á nílò èsì fún èsì, wọ́n á tún nílò èsì fún ìyẹn náà. Kò sí iye ìránṣẹ́ tí wọ́n rán tó máa fi àwọn méjèèjì lọ́kàn balẹ̀ délẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a máa jẹ́ ẹ fún. Nínú ìtàn yìí, ojú ọ̀nà ló yẹ ká bẹ̀rù.

Ìwé tó wù wá jù nínú gbogbo èyí tí a kà ni ti Andrew Birrell àti Bruce Nelson, tó jáde lọ́dún 1984. Xerox PARC ní California ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀nà tí ètò kan á fi lè pe iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn bí ẹni tó ń pe ará ilé rẹ̀ láti yàrá kejì. Wọ́n rí i ṣe, èso rẹ̀ la sì ń jẹ títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tó wú wa lórí ni ìlérí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ẹni tó bá lo ẹ̀rọ wọn. Bí èsì bá dé, wọ́n ní, ẹ jẹ́ kó dá yín lójú pé iṣẹ́ náà wáyé lẹ́ẹ̀kan péré. Bí èsì kò bá dé, a óò sọ fún yín pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ náà lè ti wáyé lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè má wáyé rárá, a ò sì ní sọ èwo nínú méjèèjì.

Ẹ tún un kà. Wọn kò ní "kò wáyé". Wọ́n ní àwọn ò ní sọ èwo. Ní 1984! Nígbà tí àwa ń kọ ètò tiwa, ní nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn náà, ohun tí a kọ síbi tí timeout bá ti wáyé ni "ìsanwó kò yọrí".

Báwo ni wọ́n ṣe mú ìlérí "ẹ̀ẹ̀kan péré" ṣẹ? Wọ́n fún ìpè kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ìránṣẹ́ kan náà bá dé lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó gbà á á wo nọ́ńbà, á rí i pé òun ti ṣe é, kò sì ní tún un ṣe. Ohun tó rọrùn tó báyìí ni. Nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn kì í sábà sọ: wọn kò dá àkókò tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí. Bí iṣẹ́ bá pẹ́, ẹni tó pè á máa ránṣẹ́ kékeré lọ bèèrè pé, "Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" Níwọ̀n ìgbà tí ohùn bá ń padà bọ̀ pé àwọn wà, á máa dúró. Nígbà tí ohùn náà bá dáwọ́ dúró ló tó máa sọ pé nǹkan ti bàjẹ́. Ṣé ẹ rí i pé èyí yàtọ̀ sí kí a kàn gbé aago kalẹ̀, kí a sọ pé bó bá lu méjì, ó tán?

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Michael Fischer, Nancy Lynch àti Michael Paterson fi ìṣirò ti ilẹ̀kùn náà. Ní ibi tí ìránṣẹ́ ti lè pẹ́ tó bó bá ṣe wù ú, bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà kan péré ló lè kú, kò sí ìlànà tó lè ṣèlérí pé àwọn yòókù á máa fohùn ṣọ̀kan nígbà gbogbo. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ wa: láti òkèèrè, a ò lè dá ẹni tó kú mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn ń fà.

Gbogbo ìyẹn, ìmọ̀ inú ìwé ni. Oṣù Kẹwàá ọdún 1986 ni ìyà rẹ̀ jẹ íntánẹ́ẹ̀tì ní gbangba. Láàárín ilé ìwádìí Lawrence Berkeley àti Yunifásítì California tó wà ní Berkeley kan náà, kò ju yáàdì 400 lọ. Ìránṣẹ́ ń sáré níbẹ̀ ní bíìtì 32,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójijì, ó já sí bíìtì 40. Ẹni tó bá kọ lẹ́tà sórí bébà tó sì fẹsẹ̀ rìn gbé e lọ á yára jù ú lọ. Van Jacobson àti Michael Karels bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, ìwé tí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ sì jáde ní 1988. Ara ohun tí wọ́n rí nìyí: bí ọ̀nà bá dí, èsì á pẹ́, bí èsì bá pẹ́, kọ̀ǹpútà á ní ìránṣẹ́ ti sọ nù, á tún rán òmíràn, èyí tó tún rán á tún dí ọ̀nà sí i. Bí ìgbà tí a rán ọmọ lọ ra iyọ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá a dúró, tí a wá rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ wò ó ní ọ̀nà kan náà, tí a tún rán àbúrò rẹ̀ lọ wo ẹ̀gbọ́n. Ohun tí wọ́n fi wò ó sàn ni pé kí ẹni tó ń ránṣẹ́ máa wọn iye àkókò tí èsì ń gbà àti bó ṣe ń yí padà, kó má gbé aago kalẹ̀ ní àbá. Bí èsì kò bá sì dé, kí ìdúró tó kàn gùn ju ti ìṣáájú lọ.

A mẹ́nu kan èyí nítorí pé ohun tí a ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn gan-an nìyẹn. Ètò wa ń tún ránṣẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nígbà mẹ́ta, láì sinmi. Ẹni tó ń fà, a tún gbé ẹrù lé e lórí.

Títí di ibí yìí, a ò tíì dárúkọ RAM. Lọ́dún 2003, Brad Fitzpatrick kọ memcached fún LiveJournal, ojúlé kan tí àwọn èèyàn ti ń kọ ìwé ojoojúmọ́ wọn síta. Ìbéèrè ti pọ̀ jù fún dátábéèsì wọn, ó sì rí i pé RAM tó ṣófo wà káàkiri lára àwọn kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní. Ó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ohun tí wọ́n máa ń bèèrè jù lè wà nítòsí. Èdè Perl ló kọ́kọ́ fi kọ ọ́, lẹ́yìn náà ni Anatoly Vorobey tún un kọ ní C. Bí nǹkan bá sọ nù níbẹ̀, kò dun ẹnikẹ́ni, torí ojúlówó rẹ̀ wà lórí dísìkì níbòmíràn. Ẹ̀dà lásán ni.

Lọ́dún 2009 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Salvatore Sanfilippo, ọmọ Sicily ní Ítálì, ń ṣe ètò kan tó ń jẹ́ LLOOGG, tó ń fi hàn lójú ẹsẹ̀ àwọn tó ń bẹ ojúlé wò. MySQL tó ń lò kò lè bá a sáré. Ó kọ ilé ìpamọ́ tirẹ̀, Tcl ló fi gbìyànjú rẹ̀ wò ná kó tó lọ sí C, ó sì pè é ní Redis. Tirẹ̀ ju ti memcached lọ: ó lè ka iye, ó lè to orúkọ, ó sì lè kó ẹrù rẹ̀ sí dísìkì kí ó má bàa pòórá bí iná bá lọ. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojúlówó pa mọ́ síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀dà mọ́. Àwa náà wà lára wọn.

Ohun tí RAM ṣe sí wa lọ́kàn ni pé a gbàgbọ́ pé kò lè pẹ́. Bí dísìkì bá pẹ́, a máa ń mú sùúrù. A mọ̀ pé nǹkan kan ń yí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n RAM? Ìyẹn la ṣe dá ìṣẹ́jú àáyá méjì, a tiẹ̀ rò pé a lawọ́.

Ẹ wá wo bí Redis ṣe ń ṣiṣẹ́. Akọ̀wé kan ṣoṣo ló jókòó nídìí tábìlì. Gbogbo èèyàn tò, ó ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ sì yá débi pé kò sí ẹni tó mọ̀ pé òun ń tò rárá. Títí di òní, àṣẹ kọ̀ọ̀kan ṣì ń gba ọwọ́ akọ̀wé kan yìí kọjá. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé kó ka orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ilé jáde, àṣẹ tí wọ́n ń pè ní KEYS, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn á dúró. Ìyẹn rọrùn láti mú. Ẹni tó pàṣẹ náà máa ń fara hàn nínú lọ́ọ̀gì àwọn àṣẹ tó pẹ́. Èyí tó le ni ìgbà tí kò sí ẹni tó béèrè ohun burúkú, tí akọ̀wé náà ṣì dìde kúrò lórí àga.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń gbé e dìde ni ìbímọ. Bí Redis bá fẹ́ kó gbogbo ẹrù RAM sí dísìkì, á bí ọmọ kan tó jọ ọ́ délẹ̀. Ọmọ náà á máa kọ̀wé, ìyá á padà sídìí tábìlì. Ìbí yẹn gan-an ló ń dá iṣẹ́ dúró, nítorí ó gbọ́dọ̀ da ìwé atọ́ka gbogbo RAM rẹ̀ kọ fún ọmọ. Nínú ìwé ìtọ́sọ́nà Redis, wọ́n wọn èyí: lórí kọ̀ǹpútà gidi tó di ẹrù 6.1 GB, ó gba mílísẹ́kọ́ńdì 80. Lórí irú kọ̀ǹpútà àyálò àtijọ́ kan ní Amazon tó di 6.1 GB bákan náà, ó gba 1460, ìyẹn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀. Ẹrù kan náà, ètò kan náà; ilé tí wọ́n ń gbé ló yàtọ̀. Ẹni tó bá dá ìṣẹ́jú àáyá kan fún èsì á rò pé sáfà ti kú.

Èkejì ni ìwé ìrántí. Redis lè máa kọ gbogbo àṣẹ tó yí nǹkan padà sínú fáìlì kan, kó sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ dísìkì ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mìíràn ló ń bá a tẹ̀ ẹ́, nítorí náà kò yẹ kó dí akọ̀wé lọ́wọ́. Àmọ́ bí títẹ̀ náà bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ, akọ̀wé kò ní dúró dè é mọ́. Á gbé tirẹ̀ lọ kọ, dísìkì tó dí á sì fi òun náà sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó bá ṣẹlẹ̀, Redis á kọ ọ́ sí lọ́ọ̀gì pé títẹ̀ mọ́ dísìkì ń pẹ́ jù, á wá fi ìbéèrè parí gbólóhùn náà, pé ṣé dísìkì ló dí ni? Ẹ̀rọ tó ń bi èèyàn ní ìbéèrè! A rí gbólóhùn yẹn nínú lọ́ọ̀gì tiwa ní àìmọye ìgbà lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, a sì kọjá lára rẹ̀, nítorí timeout là ń wá.

Dísìkì ló dí lóòótọ́. Ètò mìíràn tí a fúnra wa gbé kalẹ̀ ń da gbogbo ìwé ẹgbẹ́ kọ síbi ìpamọ́ ní ìparí oṣù, orí dísìkì kan náà sì ni. Akọ̀wé wa dúró, ìránṣẹ́ ń kó jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ètò tó ránṣẹ́ ti bínú lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá méjì, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí. Nígbà tí akọ̀wé padà jókòó, ó ṣí gbogbo lẹ́tà, ó sì ṣe gbogbo ohun tí wọ́n wí, pẹ̀lú tàwọn tó ti lọ. Bó bá jẹ́ pé ohun tí a kọ sínú lẹ́tà ni "kọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún sórúkọ ìyá yìí fún oṣù yìí", a lè kọ ọ́ nígbà mẹ́wàá, kò ní ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n "fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún kún un" la kọ.

Ó yẹ ká fi kún un pé ẹni tó rí èsì gbà pàápàá kò tíì bọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Kyle Kingsbury bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àbájáde ìdánwò rẹ̀ tó ń jẹ́ Jepsen síta. Ó máa ń gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí méjì nígbà tí àkọsílẹ̀ ń lọ lọ́wọ́, á wá ka ohun tó kù. Ó fi Redis àti Sentinel, ìyẹn ètò tó ń yan ọ̀gá tuntun bí ti àtijọ́ bá sọ nù, sídìí ìdánwò náà. Nínú àkọsílẹ̀ 2000 tó fi ránṣẹ́, 1998 ló gba èsì pé ó ti wọlé. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì padà sípò, 872 ló kù. Ọ̀gá àtijọ́ tó wà ní òdìkejì ti ń dá àwọn èèyàn lóhùn pé ó ti gbọ́, kò mọ̀ pé wọ́n ti yan ẹlòmíràn; nígbà tó padà dé, wọ́n ní kó da tirẹ̀ nù kó máa da ti ọ̀gá tuntun kọ.

Redis 3.0, tó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, mú àṣẹ kan tó ń jẹ́ WAIT wá. Ẹni tó bá kọ nǹkan lè ní kí òun dúró títí ọmọ ẹ̀yìn bíi méjì á fi gbà á. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́: ó gba iye ọmọ ẹ̀yìn, ó sì gba àkókò. Bí àkókò bá pé tí ẹnì kan péré ló gbà á, á dáhùn pé ẹnì kan, á sì dákẹ́. Ohun tí wọ́n kọ kò ní padà sẹ́yìn. Timeout tún rèé, nínú egbòogi tí wọ́n fi ń wo timeout.

Ìjà tí a gbádùn jù wáyé lóṣù Kejì ọdún 2016. Sanfilippo ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ tó pè ní Redlock, fún àwọn tó fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo máa di kọ́kọ́rọ́ mú lórí Redis mélòó kan fún àkókò kan. Martin Kleppmann kọ̀wé takò ó. Ó ní: ká ní ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú sùn lọ lójijì, bí ètò ṣe máa ń dáwọ́ dúró kó ìdọ̀tí RAM nù, àkókò kọ́kọ́rọ́ tán, ẹlòmíràn gbà á, ẹni àkọ́kọ́ wá jí, kò mọ̀ pé òun sùn, ó sì kọ̀wé lọ. Ó rán àwọn èèyàn létí pé ní GitHub nígbà kan, ìránṣẹ́ dúró lójú ọ̀nà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 90 kó tó dé. Ohun tó ní kí wọ́n ṣe ni kí kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ń lọ sókè, kí ẹni tó ń gba àkọsílẹ̀ kọ nọ́ńbà àtijọ́. Sanfilippo dá a lóhùn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní ìlànà òun kò burú tó bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, Kleppmann ló jàre. Ẹ sì kíyè sí i pé nọ́ńbà la tún padà sí, bíi ti Birrell àti Nelson. (Lọ́dún 2024, ìjà ìwé àṣẹ mú kí Valkey ya kúrò lára Redis, timeout àwọn méjèèjì kò yàtọ̀.)

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá aláta. Bí àlàyé wa bá péye, ẹ̀ẹ̀mejì ló yẹ kí owó rẹ̀ wọlé, kó sì ku ẹyọ kan lẹ́yìn tí a yọ ọ̀kan. Kí ló dé tó fi ku òfo? Ó gbà wá ní ọjọ́ méjì. A kò ṣàwárí rẹ̀ nínú Redis rárá, ọ̀dọ̀ ara wa ló wà. Ètò wa ní iye ọ̀nà tó lè ṣí sí Redis lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó ń dúró ti gba gbogbo ọ̀nà náà, ìránṣẹ́ tìyá náà sì tò sẹ́nu ọ̀nà ilé wa níbí. Ìṣẹ́jú àáyá méjì rẹ̀ pé síbẹ̀. Kò jáde nílé. Timeout tirẹ̀ àti timeout ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ ti dé ọ̀hún, ọ̀rọ̀ kan náà la fi kọ àwọn méjèèjì sí lọ́ọ̀gì. Ìgbà tó tún ránṣẹ́, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe yẹ. Àwa la wá yọ ọ́.

A kó rìsíìtì àwọn oní-POS jọ, a fi wé lọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú bébà yẹn, táńdà rẹ̀ máa ń ṣí bí oòrùn bá pa á. Àwọn mìíràn, àfi ká gbé e sí ìmọ́lẹ̀ ká tó rí nọ́ńbà. Nígbà tí a fi máa tún ti ìyá náà ṣe, ó ti yáwó lọ́wọ́ ẹlòmíràn, èlé rẹ̀ sì ga ju ti ẹgbẹ́ lọ. A lọ bẹ̀ ẹ́ ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé wa, akọ̀wé, dísìkì, lẹ́tà inú àpótí, ó sì ń to tàtàṣé rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Nígbà tí ẹ̀rọ yín ò mọ̀, kí ló dé tí kò sọ pé òun ò mọ̀?"

A gbé ètò ìpamọ́ kúrò lórí dísìkì Redis. A fún ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti ọ̀dọ̀ oní-POS, bó bá sì dé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ni a óò kà á. A jẹ́ kí ìdúró máa gùn sí i kí a tó tún ránṣẹ́. Lójú ẹ̀rọ akápò, a yọ "kò san" kúrò fún irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, a fi "a kò tíì mọ̀" rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wa lábẹ́ rẹ̀. Akápò kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ó ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa rò pé òun ò mọ iṣẹ́ òun. Títí di ìsinsìnyí, ó ṣì máa ń pè wá ní ìparí oṣù.